Tomekichi Lórí Pèpéle Ajá

Ní Okugama, bí ẹnìkan bá dárúkọ Tomekichi, kó tó pe orúkọ náà tán ni ẹlòmíràn á ti fi ọwọ́ bo ìdí ara rẹ̀, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Àlejò á kàn máa wojú wọn ni. Ọ̀rọ̀ ìdí ajá ló fà á.

Ìlú amọ̀kòkò ni Okugama. Orí òkè ni òrìṣà ìlú náà ń gbé, àtẹ̀gùn òkúta ló lọ bá a, ẹnubodè onígi pupa sì wà lókè àtẹ̀gùn ọ̀hún. Nísàlẹ̀, kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ sókè rárá, pèpéle òkúta méjì wà lọ́tùn-ún lósì, níbi tí ajá méjì tó ń ṣọ́ òrìṣà máa ń jókòó sí. Ọ̀kan a lanu, èkejì a panu mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Òkúta ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ti lá ojú wọn títí wọ́n fi dà bí ọ̀dùnkún sísè. Àwọn àgbà wá ní ìtìjú ni kí ìlú amọ̀kòkò máa fi òkúta ṣọ́ òrìṣà, wọ́n ní kí ẹnìkan fi amọ̀ mọ tuntun kí ọdún ìgbà ìwọ́wé tó dé. Tomekichi ti na ọwọ́ sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó mọ wọ́n dáadáa o. A kò ní torí ẹ̀rín parọ́ mọ́ òkú. Ajá kọ̀ọ̀kan tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́ta tó lóṣòó, irun ọrùn wọn ká lọ́ríṣiríṣi, ojú wọn sì le bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Yoshimatsu, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀, tó tún jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ọdún, wá wò wọ́n kí wọ́n tó wọ ààrò. Ó yí wọn ká, ó tún yí wọn ká, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ èyí tó panu mọ́.

"Tome, ihò ẹ̀ dà?"

"Ihò kí ni?"

"Ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Inú wọn ṣófo. Èyí tó lanu yìí, ọ̀fun ẹ̀ ló máa fi mí nínú iná. Èyí tó panu mọ́ ńkọ́? Dá ìdí ẹ̀ lu díẹ̀, ó parí."

"Kí n dá ìdí ẹ̀ṣọ́ òrìṣà lu?"

"Ta ló máa wo ìdí ẹ̀?"

"Òrìṣà ni. Ṣebí ẹ̀yìn ẹ̀ ló jókòó sí."

Yoshimatsu rán an létí pé ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tomekichi ní ìkòkò kọ́ lòun mọ, ajá ni. Bí wọ́n ṣe gbé wọn wọ ààrò nìyẹn, ìdí kan kò lu.

Ààrò kan náà ni gbogbo ìlú ń lò, yàrá lórí yàrá tó ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Yàrá tí wọ́n gbé àwọn ajá sí ni ilé kọ̀ọ̀kan to ìgò amọ̀ sí, èyí tí wọ́n máa fi gbé ọtí ìrẹsì fún òrìṣà lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí iná gbóná dójú ẹ̀, nǹkan bú gbàmù. Àlùfáà lókè rò pé ààrá ni, ó sáré lọ kó aṣọ òrìṣà tó sá sóòrùn wọlé. Nígbà tí ààrò tutù tí wọ́n ṣí i, ajá tó panu mọ́ kò sí mọ́. Etí rẹ̀ kan há sí ọrùn ìkòkò ńlá Yoshimatsu, imú rẹ̀ ni wọn kò rí dòní. Kò sí ìgò kan tó ṣẹ́ kù. Ajá tó lanu nìkan ló jókòó sáàárín àfọ́kù, kò tilẹ̀ ha, ó lanu bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé pé òun kọ́. Ọdún yẹn ni òrìṣà ìlú amọ̀kòkò mu ọtí nínú ife oníke.

Ìgbìmọ̀ pe Tomekichi, ó sì wá wí tẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ wa amọ̀ ní Okugama, ó gba ọ̀dọ̀ baba baba rẹ̀ kọjá, tíì ti tutù lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé orí ọ̀rọ̀ ajá. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Hirafuji, àlùfáà òrìṣà, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan tí kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ló wá gbórí sókè nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́.

"Tomekichi, ajá kan kù lọ́wọ́ rẹ. Títí o ó fi mọ òmíràn, ìwọ fúnra rẹ ni o máa jókòó sórí pèpéle ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Wàá panu mọ́ láti ìgbà tí òrìṣà bá jáde títí á fi wọlé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Toyono, ìyàwó Tomekichi, tó ń bu tíì nígun yàrá, ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní etí òun ni òrìṣà ṣàánú.

Ajá kan ṣoṣo tó yè nínú iná yẹn ni ọ̀rọ̀ wá dá lé lórí lọ́dún yìí. Tomekichi kú nígbà ooru, kò mú èkejì rẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n gbé e kúrò kí àwọn ajá òkúta tuntun lè gba ibẹ̀. Toyono kò fẹ́ kí wọ́n gbé e. Òun ni iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń kí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ẹnu Tomekichi kò lè mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹnu ọ̀hún ló yẹ ká kọ́kọ́ rojọ́ rẹ̀.

Ẹnu náà kì í sinmi. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi ọkọ̀ kó ẹja wá láti etíkun. Bó bá kù díẹ̀ kó dé iwájú ilé Tomekichi, á pa ọkọ̀, á jẹ́ kó máa yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí baba náà má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Bí Tomekichi bá fi rí i, wàhálà dé. Á ná ẹja kan ṣoṣo títí ẹlẹ́ja á fi gbàgbé iye tó kọ́kọ́ pè, ìtàn ẹja tí baba rẹ̀ jẹ nígbà ogun á sì wà láàárín. Lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́ja fi ẹja náà tọrẹ kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun lọ. Tomekichi bínú dá a padà, ó ní òun kì í jẹ ẹja tí òun kò ná.

Nínú ilé, kò mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá Toyono ṣe. Nígbà òtútù, Toyono a máa fi iyọ̀ àti eèrí ìrẹsì to gbòǹgbò funfun gígùn sínú àgbá, èyí tí wọ́n ń pè ní takuan, wọ́n á sì gbé ohun wúwo lé e kó lè tẹ̀ dáadáa. Ohun wúwo tiwọn jẹ́ ìkòkò kan tó bàjẹ́ nínú iná, gẹ́gẹ́ bí Tomekichi ṣe sọ, tó fi koríko ìrẹsì gbígbẹ wé, tó sì so okùn mọ́ yíká. Ó gbé e wálé lóru kan nígbà òtútù tó tẹ̀lé ọdún tí ajá bú. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí Toyono fọwọ́ kàn án. Òun ló ń gbé e lé e, òun ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun ló sì ń pààrọ̀ koríko rẹ̀ bó bá gbó. Toyono a máa fi yangàn fún àwọn obìnrin àdúgbò, á ní ọkọ òun lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣàánú ẹ̀yìn òun.

Ìtàn tó sì fẹ́ràn jù lọ ni ti bí òun àti Toyono ṣe pàdé. Kò síbi tí kì í ti í sọ ọ́, ibi ìsìnkú ni o, ibi ìpàdé olómi ẹ̀rọ ni o.

"Ọjọ́ ọdún ni. Mo pàtẹ ìkòkò sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọmọge yìí yọ láti ìlú kejì, ó gbé orù kan, ó wojú mi, ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ni orù bá bọ́."

"Bàbá Mitsuko, kò rí bẹ́ẹ̀," ni Toyono á sọ.

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Láti ìgbà tí Mitsuko ọmọ wọn ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ títí tó fi lọ sílé ọkọ, Toyono kò sọ gbólóhùn kejì nínú ìtàn náà rí. Nígbà míì Tomekichi á ní orù náà jẹ́ dúdú, nígbà míì á ní ó jẹ́ pupa. Nígbà míì Toyono dákú. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ Toyono ló máa ń gbọ̀n ṣá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó panu mọ́ fún odidi ọjọ́ kan.

Ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ìlú wá wòran ju bí wọ́n ṣe wá bọ òrìṣà lọ. Tomekichi wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó dára jù, ó kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù tí Toyono rán fún un, ọwọ́ lórí itan, ètè méjèèjì mọ́ra wọn. Toyono gbé ààrò kékeré rẹ̀ síwájú pèpéle náà gan-an, ó ń yan àkàrà ìrẹsì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbé ilé òrìṣà léjìká, wọ́n ń pariwo sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, bí wọ́n sì ṣe kọjá báyìí ni Yoshimatsu fi dúró síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣé ẹ rí ajá yìí, ó gbàgbé láti dá ihò lu ni. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó lọ, ó jẹ àkàrà méjì, ó padà wá, ó tún fi òmíràn kún un. Ojú Tomekichi pọ́n bí irin inú iná, ṣùgbọ́n kò lanu.

Lámilámi pupa kan bà lé e nímú, kò lé e. Obìnrin kan tó wá láti ìlú ńlá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ará ibí mà mọ iṣẹ́ amọ̀ o, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe irun imú ẹ̀. Títí tó fi kú ni Tomekichi ń sọ pé iṣẹ́ òun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò bá òun jiyàn lé lórí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, òrìṣà padà sókè, agogo dún. Tomekichi sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó na ẹsẹ̀, ó sì lọ bá Yoshimatsu níbi tó ti ń mu ọtí.

"Láàárọ̀, kí oòrùn tó gun orí igi yẹn, o ní mo gbàgbé ihò. N kò gbàgbé. Mo kọ̀ ni." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dáhùn gbogbo èébú ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí ajá. Tomekichi ní òun mọ ọ̀kan, ó ya. Èyí tó tún mọ, ojú rẹ̀ jọ ti Yoshimatsu, ó ní ta ló máa tẹríba fún un. Òmíràn dára, ṣùgbọ́n ó ń fojú di èèyàn. Ọdún ń gorí ọdún, irun orí rẹ̀ funfun lórí pèpéle náà, ìgbìmọ̀ sì dẹ́kun bíbéèrè. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà rò pé bí ọdún ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn, pé ajá kan máa ń jẹ́ amọ̀, èkejì máa ń jẹ́ Baba Tomekichi.

Ó wá ní ọdún kan, Sadayo tó ń ta wàrà sóyà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle nígbà tí gbogbo èèyàn ti tẹ̀ lé òrìṣà lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi ẹnu sí etí Tomekichi, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Tomekichi kò lè sọ pé irú ẹ̀ ti ṣe òun rí, kò lè sọ pé jẹ́ kí n parí ẹ̀. Sadayo nu ojú, ó ra àkàrà lọ́wọ́ Toyono, ó sì lọ pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Lọ́dún kejì, àwọn mélòó kan wá. Nígbà tó yá, wọ́n ń tò, oníkálukú ń ṣe bí ẹni ń wo òdòdó, títí ó fi kàn án. Yoshimatsu pàápàá ń tò.

Kí ni wọ́n ń sọ? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń sọ ohun tó jẹ lánàá, tó ń sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ, tó ń ròyìn àlá tí kò tíì lá, kò sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọnnì jáde rí. Toyono fi ọtí bẹ̀ ẹ́, ó fi ìbínú bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, Tomekichi dáwọ́ jíjẹun dúró, ó wò ó.

"Ajá ni wọ́n sọ ọ́ fún," ni ó wí. "Lọ bi ajá."

Nígbà ooru tó kọjá, àìsàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò dákẹ́ níbẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin oníwà tútù, ló ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ títí ó fi dé ibi tí ọmọge gbé orù, ó mí sínú kó lè máa bá a lọ, kò sì mí síta mọ́. Nọ́ọ̀sì náà wá síbi ìsìnkú. Ó tẹríba fún Toyono, ó dúró, kò lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Orù yẹn, ta ló fọ́ ọ?"

Toyono la ẹnu. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi aṣọ bojú. Ọmọ náà tún tẹríba, ó sì lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí ìrẹsì ń pọ́n lóko, Yoshimatsu wá sílé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kan tíì. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Naraoka, olówó tó ń gbẹ́ òkúta nígboro, ti fi ajá òkúta méjì ta òrìṣà lọ́rẹ. Wọ́n máa kó wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Wọ́n á sì gbé ajá Tomekichi lọ sínú yàrá ẹrù.

"Kí ló dé tí kò lè máa wà níbẹ̀?" ni Toyono bi í.

"Ìyá Mitsuko, méjì ni wọ́n máa ń jẹ́. Nígbà tí Tome wà láyé, ó pé méjì. Ní báyìí, ta ló máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì?"

"Bí mo bá rí èkejì ńkọ́?"

Yoshimatsu wolẹ̀. Ó ní bí ó bá wà lórí pèpéle kí ọkọ̀ Naraoka tó dé, òun fúnra òun á dá ọkọ̀ náà padà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

Toyono wá gbogbo ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò rí ju orí ajá mẹ́ta tó ya lọ, ọ̀kan sì jọ Yoshimatsu lóòótọ́. Kò lè sọ fún ẹlòmíràn kó bá a mọ ọ̀kan, nítorí amọ̀ kì í gbẹ kíá, ààrò sì ti tutù títí ìgbà òtútù. Ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́ Tomekichi, ó sunkún. Ó dùn ún pé ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ tó báyìí láyé kò ní fi ẹnu kan ṣoṣo sílẹ̀ nígboro, kódà kó jẹ́ ẹnu ajá.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó lọ ṣí àgbá takuan tó kẹ́yìn. Ilé rẹ̀ ló máa ń bọ́ àwọn tó ń gbé òrìṣà, ọ̀fọ̀ kò sì ní kó má ṣe é. Ó dúró síwájú àgbá. Ẹni tó ń bá a sọ ẹrù kalẹ̀ kò sí mọ́. Ó bú ọkọ rẹ̀ díẹ̀, ó di okùn mú, ó fà á. Ẹrù náà kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ ti àgbá, ó fà á tagbáratagbára, ni ẹrù bá yẹ̀, ó yí kọjá etí àgbá, ó ṣubú lé àpò eèrí ìrẹsì. Okùn já. Koríko tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ lọ́dún yìí fà ya, imú kan sì yọ jáde.

Toyono wo imú náà. Imú náà wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Irun ọrùn yọ, etí yọ, ẹsẹ̀ tí iyọ̀ ti sọ di funfun yọ. Ajá ni, odidi, ètè méjèèjì mọ́ra wọn. Láti ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn ló ti wà nílé, tó ń tẹ takuan.

Ó ránṣẹ́ pe Yoshimatsu. Baba náà dé pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dojú ajá dé, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì ti ìka bọ̀ ọ́.

"Ó dá a lu," ni ó wí. "Ìyá Mitsuko, ẹ wá wò ó. Ó dá ìdí ẹ̀ lu. Ihò tí mo ní kó dá náà ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ mọ́. Toyono bu tíì fún un. Lọ́tẹ̀ yìí ó mu ún.

Títí dòní, ọ̀nà méjì ni Okugama pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ìgbéraga ló mú kó fi ajá pamọ́, pé ó sàn fún un kó panu mọ́ lọ́dọọdún ju kí Yoshimatsu rí ihò yẹn lọ. Àwọn kan ní nítorí àwọn tó ń tò ni, pé kò fẹ́ kí wọ́n wá bá pèpéle kí wọ́n má rí etí tó máa gbọ́ wọn. Wọ́n bi Toyono. Ó ní ọkọ òun lè gba ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ajá méjèèjì jókòó. Toyono ti fi omi fọ èyí tó panu mọ́, ó fọ̀ ọ́ léraléra, ṣùgbọ́n òórùn takuan kò kúrò lára rẹ̀. Hirafuji, tó ti darúgbó gan-an báyìí, fi imú sún mọ́ ọn nígbà tó ń súre fún un. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní òrìṣà fẹ́ràn takuan. Nígbà tí ọkọ̀ Naraoka dé, Yoshimatsu kò lè dá a padà bó ṣe lérí, ojú tì í. Wọ́n gbé àwọn ajá òkúta náà sẹ́nu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọkọ̀ dòní, kò sì sí ọkọ̀ tó tíì sọnù.

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í gba abẹ́ ẹnubodè pupa kọjá. Toyono kò lè gòkè. Ó gbé ààrò rẹ̀ sí àyè rẹ̀ àtijọ́, ó ń yan àkàrà ìrẹsì. Òrìṣà jáde, ariwo sọ, eruku sọ, wọ́n gbé e kọjá lọ sáàárín ìlú. Sadayo kò tẹ̀ lé wọn. Ó rìn lọ síbi ajá tó panu mọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹnu sí i létí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́ja, tó ti pa ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù, tí wọ́n ń wo òdòdó. Yoshimatsu ló kẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, òrìṣà padà dé, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e gun àtẹ̀gùn lọ. Toyono nìkan ló kù nísàlẹ̀. Ó pa iná ààrò, ó nu ọwọ́, ó lọ dúró síwájú ajá náà.

"Bàbá Mitsuko, ọ̀rọ̀ orù yẹn. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí."

Ó ti mọ́ ọn lára, etí rẹ̀ ń retí ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọwọ́ mi kọ́ ló gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ gbé orù dání. Ẹ ń sọ bí iná ààrò ṣe ga tó lọ́jọ́ tí ẹ sun ún, ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n lè rí bó ṣe ga tó. Ẹ gbàgbé pé orù wà lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ mi ló fọ́ sí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ sì panu mọ́. Ẹ kàn ń wò mí ni, ẹ ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ojú yẹn ni mo rí tí mo fi fẹ́ yín. N kò tún rí i mọ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé yín jókòó síbí. Ẹ rò pé torí àkàrà ni mo ṣe ń jókòó síwájú yín lọ́dọọdún?"

Agogo dún lókè. Òrìṣà ti wọlé. Àsìkò tí Tomekichi máa ń lanu nìyẹn, tí á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àárọ̀. Toyono dúró dè é. Ajá náà panu mọ́.

Toyono fi ìka nu iyọ̀ tó kù sí i létí, ó sì gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Ó dára," ni ó wí. "Mo ti parí ẹ̀."